Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tó Gbà Pé Kò Séèyàn Rere Mọ́

"Mo ti mọ ọmọ aráyé. Tara wọn ni gbogbo wọn ń wá." Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá òwò sílẹ̀ fi ń kí mi nìyẹn tí wọ́n bá wá gba ìmọ̀ràn, wọ́n á sì máa fi yangàn. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó tì wọ́n, kí n bá wọn yẹ ìwé owó wọn wò, kí n sì fi ibi tí owó ti ń jò hàn wọ́n. Ó ti sú mi láti máa rí i pé èrò tí wọ́n ń fi yangàn yẹn gan-an lowó ń gbà jò. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé pé oníjìbìtì wà láyé, gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tó ti dá gbogbo èèyàn lẹ́bi kó tó rí wọn, tó wá ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

1. Ẹ má pe àìgba-ẹnikẹ́ni-gbọ́ ní làákàyè. Ẹni tó bá ń sọ pé ìkà ni gbogbo èèyàn máa ń dún létí bí ọlọ́gbọ́n. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ wọn ní rere, wọ́n á ní ojú rẹ̀ kò tíì là. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Olga Stavrova àti Daniel Ehlebracht, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Lóòótọ́, àwọn tí wọ́n bi léèrè gbà pé orí ẹni tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ló pé jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo èsì ìdánwò àwọn èèyàn bíi 200,000 ní orílẹ̀-èdè 30, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n bá: lápapọ̀, àwọn tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ni máàkì wọn kéré. Nítorí náà, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni pé kó wá kọ́ yín ní ìkà ọmọ aráyé. Mo ti rí àwọn tó fi owó ọjà san owó irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì jáde níbẹ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé àdéhùn.

2. Ẹ má fi ẹni tó ń fura sí gbogbo ayé sídìí ìgbanisíṣẹ́. Ó jọ pé òun ni yóò tètè mọ òpùrọ́. Àwọn olùṣèwádìí mìíràn, Nancy Carter àti Mark Weber, gbé àbájáde ìdánwò kan lórí èyí jáde lọ́dún 2010. Wọ́n fi fídíò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò han àwọn èèyàn, nínú èyí tí àwọn kan ti ń parọ́ fún ẹni tó ń gbà wọ́n síṣẹ́. Àwọn tó máa ń gba èèyàn gbọ́ ló dá irọ́ mọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn yan ẹni tí yóò máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ni ọ̀pọ̀ yàn.

Mo ti rí èyí láìsí fídíò kankan. Ọ̀kan lára àwọn tí mò ń tọ́ sọ́nà fi ọkùnrin kan báyìí síbẹ̀ nítorí pé "kò sẹ́ni tó lè tàn án jẹ." Obìnrin kan wá, wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi kúrò níbi tó wà, ó ní òun àti ọ̀gá òun kò gbọ́ra yé lórí owó òṣìṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ọkùnrin yìí ní olóríkunkun ni, ó sì dá a padà. Ẹni tó tẹ̀lé e ń mi orí sí gbogbo ohun tó ń sọ: "Òótọ́ lẹ sọ, sà. Èèyàn burú." Òun ni wọ́n gbà, òun náà ló kó ọjà wọn lọ. Kò sí ohun tó rọrùn fún oníjìbìtì ju kó bá yín bú àwọn oníjìbìtì lọ.

3. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ò ní kọ àdéhùn sílẹ̀ torí "wọ́n máa dà á náà ni." Ẹ kọ ọ́.

4. Ẹ má dá gbogbo iṣẹ́ ṣe nítorí àṣírí. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ló kàn, mi ò sì lè sọ ọ́ ní ṣókí. Ẹni tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ kì í rí ohun tí yóò fi mọ̀ pé òun ṣì í. Bí mo bá gbé ọjà fún yín láwìn tí ẹ sá lọ, mo máa mọ̀, mi ò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ̀ láti gbé e fún yín, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ bá san án pé pérépéré, ta ni yóò wá sọ fún mi? Kò sẹ́nìkan. Ọjọ́ tí mo gbà yín gbọ́ tí ẹ sì já mi kulẹ̀ nìkan ni màá máa kà.

Detlef Fetchenhauer àti David Dunning fi èyí hàn lọ́dún 2010. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn wo àwọn àlejò nínú fídíò, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò dá owó padà bí wọ́n bá fi sí i lọ́wọ́. Àwọn tó dá a padà pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ fíìfíì. Àwọn tí wọ́n ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ní gbogbo ìgbà tún èrò wọn ṣe. Àwọn tí wọ́n ń sọ fún kìkì ìgbà tí wọ́n bá gbà láti fowó síni lọ́wọ́ kò yí padà, wọ́n ṣì ń fojú burúkú wo èèyàn.

Oníṣòwò kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó tí wọ́n sá lọ sí. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ó fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó mú ìwé àwọn tó san tiwọn wá. Ó wò mí. "Kí ni mo fẹ́ kọ ìyẹn sí fún? Wọ́n san án, ó tán." A da àwọn rìsíìtì inú páálí rẹ̀ sílẹ̀, a ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ orúkọ. Ìwé kan kún tojú-tẹ̀yìn, rìsíìtì kò tíì tán. Mo wá bi í léèrè àwọn tó ti lé padà nítorí àwọn mẹ́rin yẹn. Ó rántí púpọ̀ nínú wọn, ó sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti ń rajà báyìí. Owó tó bá wọn lọ ju gbèsè àwọn mẹ́rin yẹn lọ lọ́nà púpọ̀.

Tí mo bá sọ báyìí, wọ́n á fi òwe lù mí: ìfura loògùn àgbà, páńsá kò fura, páńsá jáná, àjà kò fura, àjà jìn. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹni tó ń fura ń wo nǹkan: ó ń wo ìwé, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti bá olúwa rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, ó ń ṣàkíyèsí bóyá ọ̀rọ̀ àná bá tòní mu. Ẹni tó ti pinnu pé olè ni gbogbo èèyàn kì í wo nǹkan kan mọ́. Kí ló fẹ́ wò? Ó ti dájọ́ tán.

Ẹ má sì ṣe rò pé bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ìwà rere ti parí nìyẹn. Ní 2019, Alain Cohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde: wọ́n kó pọ́ọ̀sì tó lé ní 17,000 lọ sí ìlú 355 ní orílẹ̀-èdè 40, wọ́n ń fi wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti irú ibi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bí ohun tí wọ́n rí he. Bí kò bá sówó nínú rẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún pọ́ọ̀sì, nǹkan bí 40 ni wọ́n kàn sí ẹni tó ni ín lé lórí. Bí owó bá wà nínú rẹ̀, ó di 51. Àwọn èèyàn tí wọ́n ní kí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ ti gbà pé owó yóò dín in kù ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ń kọ́gbọ́n: ẹni tí ẹ ń tú àpò rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò wá ibòmíràn lọ, àwọn tó dáa jù ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń lọ, torí àwọn ni ẹlòmíràn tètè máa ń gbà.

Ní ti owó tó ń wọlé, Stavrova àti Ehlebracht náà ti tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde ní 2016. Ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, àwọn tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ kì í rí owó tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bí ọdún ṣe ń lọ. Ohun tó jọ pé ó fà á nìyí: wọn kì í fẹ́ bá èèyàn pa owó pọ̀, wọn kì í bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, owó tí ó yẹ kí wọ́n fi tajà ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọjà. Àwọn méjèèjì náà rí i pé ní orílẹ̀-èdè tí ìpànìyàn ti pọ̀, tí èèyàn kì í ran ara wọn lọ́wọ́, àdánù yìí kò hàn bẹ́ẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa ní mo fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé níbẹ̀ náà, ohun tí wọ́n rí ni pé àdánù dín kù. Wọn ò sọ pé àìgba-ẹnikẹ́ni-gbọ́ mú èrè wá.

Àṣìṣe ti òdìkejì náà wà o: kí èèyàn gbé gbogbo ọjà rẹ̀ fún ẹni tó pàdé láàárọ̀. Ìyẹn kò gbà wá ní àkókò.

Báwo wá ni kí a ṣe é? Ní nǹkan bí ọdún 1980, Robert Axelrod, onímọ̀ ìṣèlú kan ní Amẹ́ríkà, pe àwọn onímọ̀ láti fi ètò kọ̀ǹpútà díje nínú eré kan tí èèyàn méjì ti lè bá ara wọn ṣe pọ̀ tàbí kí wọ́n da ara wọn. Èyí tí Anatol Rapoport fi sílẹ̀ ló borí, òun náà ló sì kúrú jù. Ó ń fi ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ohun tí ẹnìkejì bá ṣe kẹ́yìn lòun náà ń ṣe padà. Àwọn mẹ́jọ tó ṣáájú nínú ìdíje náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń kọ́kọ́ dalẹ̀.

Ọ̀nà tí mò ń kọ́ àwọn tèmi nìyẹn. Ẹ gbé ọjà kékeré fún oníbàárà tuntun, ìwọ̀n tí kò ní pa yín lára bó bá gbé e sá. Ẹ dá ọjọ́ fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá san án lọ́jọ́ tó dá, ẹ fi díẹ̀ kún un. Bó bá yẹ àdéhùn, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lé ẹni tó kàn lórí. Bó bá padà wá tó san gbèsè rẹ̀, ìwọ̀n kékeré yẹn náà ni kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀.