Bí a ṣe ń mú ìyá adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wọ àárín àwọn adìyẹ ilé

Ní ọ̀pọ̀ agboolé ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ìsánlú, adìyẹ ìbílẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sìn. Wọn a tú wọn sílẹ̀ ní òwúrọ̀ kí wọ́n lọ tan ilẹ̀ jẹ, wọn a sì padà wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Àgbébọ̀ tí ó ti fi ọjọ́ 21 sàba ní kọ̀rọ̀ kan ti di àjèjì díẹ̀ lójú àwọn yòókù nígbà tí ó bá kó ọmọ jáde, èyí tí a sì rà lọ́jà tọmọtọmọ jẹ́ àjèjì pátápátá. Àwọn àgbà sọ pé ẹsẹ̀ kan ni adìyẹ fi ń dúró bí ó bá dé ìlú tí kò dé rí, ṣùgbọ́n èyí tí ó kó ọmọ lẹ́yìn kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀: ìjà ni yóò bá wọlé.

Bí ó bá jẹ́ pé ọjà ni a ti rà á, ẹ má ṣe gbé e dé àárín àwọn adìyẹ yín lọ́jọ́ náà. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jọ mu omi nínú ohun èlò kan náà, kí ẹ sì máa bọ́ àwọn ti ilé kí ẹ tó kan àwọn àlejò. Bí ó bá ń tòògbé, tí ó ń mí bí ẹni tí ń hanrun, tí ìgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tàbí tí ọrùn rẹ̀ ń lọ́, ẹ pe dókítà ẹran. Àrùn tí a mọ̀ sí Newcastle, tí ó máa ń pa adìyẹ run nígbà ọyẹ́, lè ti ara adìyẹ kan ṣoṣo pa gbogbo tí ẹ ní. Oògùn àjẹsára àrùn yìí tí a ń pè ní I-2, tí ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe, dára fún adìyẹ ìbílẹ̀, nítorí pé ó fara da ooru ju ọ̀pọ̀ àjẹsára mìíràn lọ. Ẹ̀kán kan lójú adìyẹ kọ̀ọ̀kan ti tó fún ìgbà kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó yẹ kí á dúró títí àwọn òròmọdìyẹ yóò fi dàgbà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ìyá wọn ń gbóná jù, tí ó ń ràdọ̀ bò wọ́n, tí kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí ó bá di bí oṣù méjì, òun fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn, wọn kò sì ní í ní alágbèjà mọ́. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ bá ti lo bí ọ̀sẹ̀ kan láyé (èyí tí a rà lọ́jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ ní ìyàsọ́tọ̀), ẹ gbé gbogbo wọn sábẹ́ àgò ní ibi tí àwọn yòókù ti ń jẹun, kí wọ́n máa rí ara wọn láìlè kan ara wọn. Kí àgò náà wà lábẹ́ ibòji, pàápàá ní oṣù kejì àti ìkẹta, kí ẹ sì máa gbé wọn wọlé lálẹ́ nítorí ológbò àti ejò.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ṣí àgò náà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọlé sùn. Gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe inú ilé adìyẹ tí kò sí àyè láti sá, kí ẹ sì fọ́n ọkà bàbà káàkiri kí wọ́n má baà kó ara wọn jọ sójú kan. Àwọn kan yóò wú ìyẹ́, ìyá náà yóò sì lé wọn. Ẹ má dá sí i. Ohun tí ó yẹ kí ó mú yín dìde ni ẹ̀jẹ̀, tàbí kí adìyẹ kan fi àgógó gbé ọmọ, nítorí pé bí àwọn yòókù bá ti rí ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn ni yóò máa ṣá ojú ibẹ̀.

Àkùkọ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Àgbébọ̀ mìíràn tí ó kó ọmọ tirẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí pé ó lè pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé, ẹ má tú ìyá méjèèjì sílẹ̀ lásìkò kan náà.

Ní ti oúnjẹ, ohun tí a ń fún adìyẹ tí ń yé ẹyin ní èròjà egungun (calcium) púpọ̀ jù, ó sì lè ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́. Ẹ gbé oúnjẹ òròmọdìyẹ sábẹ́ àgò tí ojú rẹ̀ gba ọmọ ṣùgbọ́n tí kò gba àgbà. Àwo omi kò gbọdọ̀ jìn. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí adìyẹ kan kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi, òun ni kí ẹ yọ kúrò, kì í ṣe ìyá ọmọ. Ẹ dé e mọ́ àgò ní ibi tí kò ti lè rí àwọn yòókù fún ọjọ́ bíi mẹ́rin. Nígbà tí ó bá padà dé, òun náà ni yóò wá di àlejò láàárín wọn.