Ehoro Kì Í Ṣe Ẹrù Búùtù: Ìtọ́sọ́nà fún Kíkó Ehoro Lọ Ọ̀nà Jíjìn

Ehoro 14 la dì ní Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Agége. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí búùtù, mẹ́sàn-án ti kú. Àrùn kọ́ ló pa wọ́n. Páálí mẹ́ta ni awakọ̀ kó wọn sí, ó to páálí léra wọn, ó gbéra ní agogo 11 àárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá a dúró nítòsí afárá Kárà fún wákàtí kan àbọ̀ nínú oòrùn. Nígbà tí a bi í, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mà lu páálí níhò o."

Torí ẹ̀ la ṣe kọ ìwé yìí. Ẹ ti mọ bí a ti ń bọ́ ehoro àti bí a ti ń tọ́jú ilé rẹ̀, a ò ní tún ìyẹn sọ. Ooru ọ̀nà lẹ kò kà sí. Ehoro kì í làágùn. Etí rẹ̀ ló fi ń lé ooru jáde lára. Tí ooru bá ti kọjá 25°C, ara ti ń ni ín. Tó bá kọjá 30°C, ewu ti dé. Ní 35°C, ó lè kú. Búùtù ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn ọ̀sán kì í pẹ́ kọjá gbogbo ìyẹn, ihò yòówù tí ẹ ìbáà lu sí páálí. Àwọn kan tún máa ń ní àwọn fi okùn de búùtù kó lè là díẹ̀. Ibi tó là yẹn ni èéfín ọkọ̀ ń gbà wọlé bá wọn.

Apẹ̀rẹ̀ tòmátì tàbí kéréètì oníke tí wọ́n fi ń kó adìẹ ni kí ẹ lò. Ehoro tó wọn kílò 2.5 sí 3 nílò àyè tó gùn ní 40 cm, tó fẹ̀ ní 30 cm, tó sì ga ní 30 cm. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sísàlẹ̀ kó nípọn tó 5 cm, ẹ fi àwọ̀n bo òkè, ẹ má fi ọ̀rá bò ó. Akọ kọ̀ọ̀kan ni kó ní tirẹ̀: akọ méjì nínú apẹ̀rẹ̀ kan, wọn a gé ara wọn jẹ ní ẹpọ̀n kí ẹ tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ fi omi oníke 75 cl tó ti di yìnyín gbagidi sí i, ẹyọ kan fún ehoro méjì, kí ẹ fi aṣọ wé e lẹ́ẹ̀kan kó má bàa kan ara wọn ní tààrà. Tó bá ti yọ́, ẹ ra òmíràn lọ́nà.

Agogo 4:30 ìdájí ni kí ẹ gbéra, kí ẹ lè dé kí agogo 11 tó lù. Tó bá di agogo 6 tí ọkọ̀ kò tíì kún ní gáréèjì, ẹ sọ ehoro kalẹ̀, ẹ padà sílé, ẹ tún un dá lọ́jọ́ mìíràn. Nínú ọkọ̀ èrò, ẹ san owó ìjókòó kan sí i, kí apẹ̀rẹ̀ wà níbi tí atẹ́gùn fèrèsé ń dé, tí oòrùn kò sì sí. Èrò á ráhùn pé ó ń rùn. Ẹ bẹ̀ wọ́n, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó ń ṣún owó ìjókòó kan, tó wá pàdánù ehoro mẹ́sàn-án, kí ló ṣún?

Ẹ má febi pa á nítorí ìrìn àjò. Ehoro kì í bì. Tó bá lo wákàtí 12 láìjẹun, ikùn rẹ̀ lè dẹ́kun iṣẹ́, kó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ẹ ti ń dúpẹ́ pé ẹ dé láyọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ koríko gbígbẹ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ègé kùkúḿbà méjì tó nípọn bí ìka. Ewé tó ṣì rin fún omi máa ń gbóná nínú apẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ní wákàtí méjì-méjì, ẹ dúró níbòji fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fún wọn lómi nínú abọ́.

Abo tí oyún rẹ̀ ti lé ní ọjọ́ 21 kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò (ọjọ́ 31 ló ń bí), bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8.

Tí ọ̀kan bá ń mí látẹnu, tí itọ́ sì rin àgbọ̀n rẹ̀, ẹ má dúró kí ọkọ̀ dé ibùdókọ̀. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ síbòji, ẹ fi aṣọ tó rin fún omi lásán nu etí rẹ̀ léraléra, ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ má rì í sínú omi yìnyín.

Tí ẹ bá délé, omi ni kó kọ́kọ́ rí. Kí ẹ tó gbéra, ẹ gba kílò 2 nínú oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á; tí ẹ bá délé, ẹ máa pò ó mọ́ tiyín fún ọjọ́ 7. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14, kí abọ́ rẹ̀ má sì pò mọ́ ti àwọn tó wà nílé. Ẹ rántí 2020, tí àrùn tó ń mú ehoro ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ má sì fún un ní ampicillin tàbí amoxicillin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) lẹ́nu "kí ara rẹ̀ lè mókun". Ó ń pa ehoro.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀. Tí kò bá sí kóró kankan nílẹ̀, ẹ pe dókítà ẹran kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.