Bí A Ṣe Lè Bá Aláriwo Inú Fúláàtì Yanjú Ọ̀rọ̀ l'Ékòó

Ẹni tó bá ń gbé fúláàtì l'Ékòó, yálà ní Súrùlérè, ní Ṣómólú tàbí nínú àwọn ilé alájà tó fara kínra ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mọ̀ pé ariwo kì í tán nílé. Ọmọ á sunkún, omi á máa dà sínú táǹkì, ẹnìkan á sì dúró nísàlẹ̀ máa pe ẹlòmíràn lókè. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí kò sí fúláàtì tó lè bá ẹni tí kò lè fara dà wọ́n lára mu. Ariwo tí mo ní lọ́kàn ni èyí tó ń padà wá ní àkókò kan náà, tó ń gba oorun lójú ẹni, tí ẹni tó ń pa á sì lè dín in kù bí ó bá fẹ́.

Kí ẹ tó lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ariwo náà ti ń wá, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ sínú fóònù yín. Ilé tí wọ́n fi kọnkéré da dẹ́kíìnì rẹ̀ máa ń tan etí jẹ, débi pé ohun tí ẹ rò pé ó ń dún lókè orí yín lè jẹ́ ti fúláàtì ẹ̀gbẹ́. Ọ̀nà tí ariwo ń gbà wọlé ló sì máa sọ irú ìrànwọ́ tí ẹ máa béèrè. Ẹ wo ọ̀rọ̀ odó. Ẹni tó ń gún iyán lókè kò gbọ́ ohun tí ẹ̀yin ń gbọ́: ọmọ odó tó ń bọ́ sínú iyán ni etí tirẹ̀ ń gbọ́, ṣùgbọ́n ìdí odó tó ń lu dẹ́kíìnì ló ń dún sí yín létí. Bí ó bá ká àpò ìrẹsì tàbí fóòmù àtijọ́ sábẹ́ odó náà, ìró yẹn á rọlẹ̀ púpọ̀, iyán kò sì ní torí ẹ̀ ní kókó. Ti ẹ̀rọ orin yàtọ̀. Bí wọ́n bá gbé sípíkà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri tí ẹ jọ ní, ìró bééṣì á gba inú ògiri wọlé sọ́dọ̀ yín, kódà bí orin náà kò bá lọ sókè. Ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò lára ògiri, kí wọ́n gbé e lé orí tábìlì, kí wọ́n sì dín bééṣì kù.

Jẹnẹrétọ̀ le ju méjèèjì lọ. Bí ẹnìkan bá gbé e sí bákónì tàbí sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé tí gbogbo ilé ń gbà, ariwo rẹ̀ ni ìṣòro tó kéré jù níbẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tó sì lè pa ènìyàn sójú oorun. Èyí kì í ṣe ohun tí à ń dúró dè di òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ lọ bá wọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún kẹ́átékà lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn ariwo yòókù fàyè gba sùúrù díẹ̀. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ má rán ọmọ, ẹ má sì lọ nígbà tí inú ń bí yín, tí ariwo náà ń lọ lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé dára, nígbà tí ẹni náà ti sinmi. Bí ó bá jẹ́ àgbà sí yín, ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ẹ tẹ̀ríba, kí ẹ tó sọ pé: “Ẹ kú ìsinmi, Mọ́mì Tóbi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo bá wá. Ó dá mi lójú pé ẹ ò mọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ń gúnyán láago mẹ́wàá alẹ́, orí ibi tí ọmọ wa ń sùn ló ń dún sí. Ṣé ẹ lè bá wa fi nǹkan tẹ́ ìdí odó, tàbí kí wọ́n gún un kí aago mẹ́jọ tó lù?” Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí ẹ béèrè ní aago nínú. “Ẹ dín ariwo kù” kò ní ìwọ̀n, kálukú ló sì máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn orin, ẹ̀yin náà ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún un: ẹ jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀ lálẹ́ Sátidé, kó sì jẹ́ kí ẹ sùn láwọn ọjọ́ tí ẹ máa jí lọ síbi iṣẹ́ láago mẹ́rin àárọ̀ nítorí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀.

Mo rọ̀ yín, ẹ má gbé ẹjọ́ náà lọ sí orí WhatsApp ilé. Ẹni tí ẹ bá dójú tì níbẹ̀, agídí ló máa fi dáhùn. Ẹ má fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà, ẹ má sì yọ fíúsì ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí kò yí padà, onílé tàbí ejẹ́ńtì rẹ̀ ló kàn. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ àwọn ọjọ́ àti aago tí ẹ ti kó jọ sínú rẹ̀, kí àwọn ayálégbé mìíràn sì bá yín fọwọ́ sí i, nítorí onílé tó lè pa ẹnìkan tì kò ní lè pa fúláàtì mẹ́ta tì. Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011 fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilé rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, láìsí ìdààmú tí kò bójú mu. Òfin náà kò kan Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀, kó wo ìwé àdéhùn ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, Citizens Mediation Centre ló kàn, èyí tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á pe ẹnì kejì, wọ́n á jẹ́ kí ẹ jọ jókòó sọ ọ́, wọ́n á sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí sílẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí ju kí a sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí ẹ ṣì máa jọ tò síbi ẹ̀rọ omi lọ́la. Bí aláriwo bá jẹ́ ilé ọtí, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé iṣẹ́, LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni kí ẹ kọ̀wé sí. Bí ó bá wá di ìhàlẹ̀ tàbí ìjà, ẹ pe 767 tàbí 112.

Ibi tó máa ń le jù ni kí aláriwo jẹ́ ọmọ onílé, tàbí onílé fúnra rẹ̀. Kẹ́átékà kò ní dá sí i. Ẹ wá àgbà kan nínú ilé tí onílé ń bọ̀wọ̀ fún, kí ó síwájú yín lọ. Bí kò bá gbọ́, ẹ gba Mediation Centre lọ. Àmọ́ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ rí i pé owó ilé yín ti pé, kí rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, nítorí gbèsè ni onílé máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà.