Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí orílẹ̀-èdè bá ń jáde kúrò nínú àjọ: ohun tí Brexit fi hàn wá

Ìwé ìbò tí wọ́n fún mi ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016 kò gùn, kò fẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: ṣé kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró sínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí EU, àbí kó jáde, ìyẹn ìjáde tí wọ́n ń pè ní Brexit? Àpótí méjì wà lábẹ́ ìbéèrè náà, pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi okùn so sì wà níbi tí mo dúró sí. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní nígbà náà. Òfin ìbò yẹn gba ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé ní ìlú Ọba láàyè láti dìbò. Aládùúgbò mi tó jẹ́ ọmọ Poland, tó ti ń san owó orí níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan Yorùbá. A wà lára àwọn tó dá a.

Mílíọ̀nù 17.4 ní ká jáde, mílíọ̀nù 16.1 ní ká dúró: ìdá 52 sí 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́rin àbọ̀ ni wàhálà tó tẹ̀lé e gbà. Mo tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Mali, Burkina Faso àti Niger wá kéde pé àwọn ń kúrò nínú ECOWAS, àyà mi já, torí mo rí i pé ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn tún fẹ́ gbà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àwọn àṣìṣe wọ̀nyí sílẹ̀.

Bíbéèrè "ṣé ká lọ?" láìbéèrè "níbo là ń lọ?"

Tí ayálégbé bá sọ fún ọ pé òun ń kó jáde, ohun tí wàá kọ́kọ́ bi í ni ibi tó ń kó lọ. Wọn kò bi ará ìlú ní ìbéèrè yìí lọ́dún 2016. Ẹni tó fẹ́ kí ìlú Ọba dà bíi Norway, tí kò sí nínú EU ṣùgbọ́n tó ń ná ọjà àpapọ̀ rẹ̀, dìbò pé ká jáde. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gé okùn náà pátápátá, òun náà dìbò pé ká jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kálukú wọn ló gbà pé ìfẹ́ òun ló ṣẹ. Ó di oṣù Kínní ọdún 2017 kí Theresa May, olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tó sọ ọ́ ní gbangba ní Lancaster House pé àwọn máa kúrò nínú ọjà àpapọ̀ àti nínú ètò owó ibodè kan náà. Ìwé ìbò kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ pé kó má rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ ṣe irú ìbò yìí gbọ́dọ̀ kọ ibi tó ń lọ sínú ìwé ìbò, tàbí kó padà tọ ará ìlú lọ nígbà tí àdéhùn bá wà nílẹ̀ tí wọ́n lè kà.

Fífi lẹ́tà sílẹ̀ kí ilé tó fìmọ̀ ṣọ̀kan

Èyí ló dùn mí jù, torí ó ṣeé yẹra fún.

Abala 50 nínú ìwé àdéhùn EU ló sọ bí èèyàn ṣe ń lọ. Ẹni tó fẹ́ lọ máa fi lẹ́tà sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọdún méjì péré ló ní. Tí ọdún méjì bá pé tí kò sí àdéhùn, ó bọ́ síta lọ́wọ́ òfo nìyẹn, àfi tí gbogbo àwọn tó kù bá panu pọ̀ láti fún un ní àsìkò sí i. Ṣùgbọ́n abala náà kò sọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà. Ẹ yẹ ìyẹn wò dáadáa. Kí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, ìwọ lo ni àsìkò. Tó bá ti kúrò, àwọn tí o fẹ́ fi sílẹ̀ ló ni ín.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2017, Tim Barrow, aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Brussels, fi lẹ́tà olójú ewé mẹ́fà lé Donald Tusk, ààrẹ ìgbìmọ̀ àwọn olórí EU nígbà náà, lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, àwọn mínísítà May fúnra wọn kò tíì fẹnu kò lórí irú òwò tí wọ́n fẹ́ máa bá EU ṣe. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí May tún kéde ìdìbò sílé aṣòfin. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán lóṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tó ìdajì mọ́ nínú ilé, àwọn aṣòfin mẹ́wàá láti inú ẹgbẹ́ DUP ti Northern Ireland ló kù tó gbé e ró. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ni ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù mẹ́rìnlélógún, bí oṣù mẹ́ta ti lọ lásán.

Ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2018 ni àwọn mínísítà tó jókòó ní Chequers, ilé ìgbèríko olóòtú ìjọba, láti pinnu ohun tí wọ́n fẹ́. Ọdún kan lé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn lẹ́tà! Kó tó di ọjọ́ kẹta, David Davis tó jẹ́ mínísítà fún Brexit gan-an ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, Boris Johnson, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, sì tẹ̀lé e. May bá EU parí àdéhùn lóṣù Kọkànlá. Nígbà tó gbé e wá sílé aṣòfin ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdún 2019, ènìyàn 202 ló fọwọ́ sí i, 432 ní àwọn kò gbà. Ó gbé e padà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún dà á nù lẹ́ẹ̀mejèèjì. Olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá di ẹni tó ń lọ sí Brussels lóru láti tọrọ àfikún àsìkò lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. May sọmọ lórúkọ tán kó tó wojú ilé.

Lílọ sípàdé láìmúra

Fọ́tò kan wà tí wọ́n yà ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2017. Ní apá kan tábìlì, Michel Barnier tó ń ṣojú EU jókòó pẹ̀lú àwọn tirẹ̀, ìwé tó jọ gègèrè wà níwájú wọn. Ní òdìkejì, David Davis ń rẹ́rìn-ín, kò sí tákàdá kankan níwájú rẹ̀. Mi ò ní fi fọ́tò kan ṣoṣo dájọ́ ẹnikẹ́ni, ìwé lè wà nínú báàgì. Ṣùgbọ́n EU ti kọ ètò tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin: ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn, ọ̀rọ̀ gbèsè àti ọ̀rọ̀ ààlà Ireland làwọn máa kọ́kọ́ sọ, ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ síwájú níbẹ̀ ni wọ́n tó máa kan òwò. Davis ti ní òun máa fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn bá wọn jà lórí ètò yẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ló gbà.

Àṣìṣe kan tún bá èyí rìn, ìyẹn ni ríronú pé wọ́n lè gba ẹ̀yìn bá orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Jámánì máa fipá mú Angela Merkel, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, torí wọ́n ń ta mọ́tò púpọ̀ ní ìlú Ọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró sínú ẹgbẹ́ kò ní fẹ́ kí ẹni tó jáde máa jẹ oúnjẹ tó dùn ju tòun lọ.

Ṣíṣe ìlérí mẹ́ta tí kò lè gbé inú ilé kan

Tí ẹ bá wakọ̀ láti Derry ní Northern Ireland, tó jẹ́ ara ìlú Ọba, wọ Donegal ní Republic of Ireland, tó ṣì wà nínú EU, ohun tó máa sọ fún yín pé ẹ ti kọjá ààlà kò ju pátákó eré ọkọ̀ tó yí láti máìlì sí kìlómítà. Kò sí sójà, kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù, kò sí igi tí wọ́n gbé dínà. Ààlà náà gùn tó nǹkan bíi 500 kìlómítà, ọ̀nà tó là á kọjá sì lé ní igba. Ẹlòmíràn ń jí lápá ìhín, ó ń ṣiṣẹ́ lápá ọ̀hún. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fún bí ọgbọ̀n ọdún, sójà tó gbé ìbọn ló ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀, nǹkan bíi 3,500 ẹ̀mí ló sì bá ìjà láàárín àwọn tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ Ireland àti àwọn tó fẹ́ dúró sínú ìlú Ọba lọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà lóṣù Kẹrin ọdún 1998.

Lórí ilẹ̀ yìí ni ìjọba ti ṣe ìlérí mẹ́ta. Wọ́n ní ìlú Ọba máa kúrò nínú ọjà àpapọ̀ àti ètò owó ibodè EU. Wọ́n ní kò ní sí àyẹ̀wò ẹrù ní ààlà Ireland. Wọ́n tún ní kò ní sí àyẹ̀wò láàárín Northern Ireland àti ìyókù ìlú Ọba. Ẹ lè mú méjì èyíkéyìí nínú rẹ̀, ẹ kò lè mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí òfin ọjà àti owó ibodè ibí bá yàtọ̀ sí ti ọ̀hún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ ẹrù wò níbì kan. EU kọ́ ló fi ìkà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kó ọjà gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá rí mọ ohun tí mò ń sọ.

May fẹ́ kí gbogbo ìlú Ọba ṣì wà lábẹ́ owó ibodè kan náà pẹ̀lú EU títí wọ́n á fi rí ọgbọ́n míì dá sí i. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Johnson, tó gbapò rẹ̀ lóṣù Keje ọdún 2019, gbé ààlà náà sínú òkun. Ìlérí kẹta ló fi rúbọ, ó sì ń sọ fún àwọn oníṣòwò Northern Ireland pé kò sí nǹkan tó máa yí padà. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021, ohun ọ̀gbìn tí yẹ̀pẹ̀ wà nídìí rẹ̀ àti ọ̀dùnkún tí wọ́n fẹ́ gbìn kò lè ti ìyókù ìlú Ọba wọ Northern Ireland mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọdún 2023 ni Rishi Sunak, olóòtú ìjọba nígbà náà, àti Ursula von der Leyen, olórí ìgbìmọ̀ aláṣẹ EU, tó jókòó ní Windsor láti tún un ṣe.

Ẹni tó bá ń múra àtilọ, kó kọ gbogbo ìlérí rẹ̀ sójú ewé kan ṣoṣo, kó gbé e fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní ẹnubodè rí, kó sì fetí sí ohun tí onítọ̀hún bá sọ.

Fífi ohun tí o kò ní halẹ̀

Wọ́n ń pariwo pé kí àdéhùn má sí rárá sàn ju àdéhùn burúkú lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti múra. Lóṣù Kejìlá ọdún 2018, ìjọba gbé iṣẹ́ mílíọ̀nù 13.8 pọ́n-ùn fún iléeṣẹ́ kan pé kó máa fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù láti Ramsgate tí àdéhùn kò bá sí. Iléeṣẹ́ náà kò ní ọkọ̀ ojú omi kankan. Oṣù Kejì ni wọ́n fagi lé e. Ta ló máa bẹ̀rù irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹja náà, ìyẹn ẹni tó máa pẹja nínú omi ìlú Ọba, tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ìdúnàádúrà òwò, lóṣù Kejìlá ọdún 2020, ẹja ló dá wọn dúró títí di ọjọ́ 24, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí gbogbo nǹkan dópin. Iṣẹ́ ẹja kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé ìlú Ọba. Iṣẹ́ báńkì, iṣẹ́ agbẹjọ́rò, iṣẹ́ olórin àti irú wọn, tó ń lọ sí bí ìdá ọgọ́rin, kò rí nǹkan púpọ̀ gbà. Greenland tó jáde nínú àjọ kan náà ní ọdún 1985 ja ìjà ẹja, mo sì gbà fún un, torí ẹja ni gbogbo ìlú náà ń jẹ.

Fífi èèyàn sílẹ̀ dé ìkẹyìn

Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Yúróòpù tó ń gbé ní ìlú Ọba lọ́jọ́ ìbò. Ìjọba lè ti sọ fún wọn lọ́jọ́ kejì pé, "Ẹ máa gbé ilé yín, kò sẹ́ni tó máa lé yín." Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n ń pa á mọ́ láti fi dúnàádúrà, títí di oṣù Kejìlá ọdún 2017 tí wọ́n tó fẹnu kò lórí ẹ̀tọ́ wọn.

Àwọn Yorùbá wà nínú wọn. Mo mọ obìnrin kan tó ti Ítálì wá sí London pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù Ítálì ni ọkọ ní, ti Nàìjíríà ni tìyàwó, orí ti ọkọ ni ẹ̀tọ́ ìyàwó láti máa gbé ibẹ̀ dúró lé. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i, ó ti da ọ̀rá ńlá kan sórí bẹ́ẹ̀dì: bíìlì omi, bíìlì iná, lẹ́tà iléèwé àwọn ọmọ, ìwé owó oṣù, káàdì ìgbéyàwó tí igun rẹ̀ ti ya. Ó ń tò ó ní ọdún-ọdún, láti fi ẹ̀rí hàn pé ibẹ̀ ló ti ń gbé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún 2014 ni mi ò rí ìwé kankan fún." Ó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ìlú yẹn fún ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ó rí ìwé ìgbélùú rẹ̀ gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó gbé lé àyà fún ọdún mẹ́ta, ta ló máa san án padà fún un?

Ìdí tí mo fi ń wo ECOWAS nìyí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kínní ọdún 2024, àwọn ìjọba ológun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn ti jáde lójú ẹsẹ̀, nígbà tí abala 91 nínú ìwé àdéhùn ECOWAS sọ pé ọdún kan ni ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀. Àwọn tó dúró náà ti ṣe tiwọn ṣáájú: lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní Niger lóṣù Keje ọdún 2023, wọ́n ti ẹnubodè pa, Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń fún Niger, àwọn tó ń kó ọjà láti Malanville ní Benin lọ sí Gaya ní Niger sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ ojú omi kéékèèké sọdá odò Ọya.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2025 tí wọ́n jáde tán, ECOWAS kéde pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó kù ṣì máa gba páásípọ́ọ̀tù àti káàdì ìdánimọ̀ ọmọ Mali, Burkina Faso àti Niger tó ní àmì ECOWAS, kí ọjà wọn sì máa wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, títí wọ́n á fi tún kéde. Inú mi dùn sí ìkéde yẹn. Èyí tí mo ń retí báyìí ni kí "títí wọ́n á fi tún kéde" yẹn kúrò níbẹ̀, kí àwọn ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì kọ irú rẹ̀ fún àwọn èèyàn wa tó ń tajà ní Niamey àti Ouagadougou.