Tí Ẹ Bá Fẹ́ Kọ Ìtàn Ọ̀rẹ́ Tó Dalẹ̀ Ọ̀rẹ́

Olùkọ́ Yorùbá ni mí l'Ọ́ṣogbo níbí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé sì máa ń gbé iṣẹ́ wọn wá fún mi kí n bá wọn wò ó. Ìtàn ọ̀rẹ́ méjì tí ọ̀kan dalẹ̀ èkejì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi kan náà ló sì ti ń bàjẹ́: wọ́n máa ń sáré dé ibi ẹ̀bẹ̀. Ojú ewé kẹwàá, ẹnì kan ti dọ̀bálẹ̀, èkejì ti ní "ó ti tán." Kí ló wá kù tá a fẹ́ kà?

Ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí wọ́n jọ ń ṣe hàn wá. Ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ rélùwéè, kí wọ́n to ìdérí ìgò sórí irin kí ọkọ̀ tó dé. Tó bá kọjá, ìdérí á ti tẹ́ pẹlẹbẹ, á ṣì máa gbóná lọ́wọ́. Wọ́n á dá ihò méjì sí i, wọ́n á ki òwú bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fà á kó máa yí. Ta ló ni ìṣó tí wọ́n fi dá ihò? Ọmọ onílé. Ta ló mọ̀ ọ́n dá? Ọmọ ayálégbé. Ẹ ò tíì dárúkọ owó, a ti mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè.

Ìdàlẹ̀ náà kò gbọdọ̀ tóbi. Ká ní ọdún 1988 ni. (Ẹ rántí pé abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ọ̀ṣogbo ṣì wà nígbà yẹn, 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ẹnì kan ti kọ gómìnà Ọ̀ṣun sínú ìtàn 1985 rí fún mi!) Aláró ni ìyá ọmọ ayálégbé, ẹ̀yìnkùlé ló to ìkòkò rẹ̀ sí. Owó ìyá onílé sọnù. Ọmọ onílé ló mú un, àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n nawọ́ sí. Wọ́n bi ọmọ onílé léèrè, ó wolẹ̀: "Mi ò mọ̀ o, Màámi." Wọ́n ní kí aláró kó jáde kílẹ̀ tó ṣú.

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ìkòkò aró kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń gbé wọ̀ǹwọ̀ǹwọ̀n. Èlú tó ti ń rọ nínú omi eérú láti ọjọ́ mélòó kan, tí kò tíì ṣeé rẹ aṣọ, obìnrin náà máa dà á sí gọ́tà. Ọmọ onílé dúró nídìí kànga, ó ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ.

Òwe wa ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nínú irú ìwé yìí, ẹni tó ṣu ni kò ní rí i gbàgbé. Àmọ́ ẹ má kọ "ẹ̀rí ọkàn ń dà á láàmú" fún mi. Ìwà ni kí ẹ kọ. Ó dàgbà, ó ń fún alágbe lówó l'Ọ́jà Ọba, inú sì máa ń bí i tí wọ́n bá yìn ín. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni kó kórìíra ọ̀rẹ́ yẹn, kó máa wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, títí òun náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé olè ni lóòótọ́. Ẹni téèyàn ṣẹ̀ ṣòroó wò lójú.

Owó kọ́ ni yóò fi san án. Orúkọ ló jí, orúkọ ni kó fi san. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà ti kú, kó ku ọmọ rẹ̀ nìkan. Oṣù kẹjọ, àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, ẹbí ti pé sílé. (Ẹ má torí pé UNESCO kọ Igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2005 kẹ́ ẹ wá kó o sí gbogbo ojú ewé, ìlù láti ojú fèrèsé ti tó.) Ìyá onílé ti darúgbó, ó ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn lójú àlejò. Níbẹ̀ gan-an ni kó ti jẹ́wọ́. Ìyá lè ní irọ́ ni. Ọmọ olóògbé lè béèrè pé èló ni owó ọ̀hún. Kó dárúkọ iye rẹ̀ fún un, kí ẹ sì gbé kálámù sílẹ̀.