Ṣíbí Omi Mẹ́ta Kí Ògì Tó Dé Ẹnu

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé bàbá kan wọ wọ́ọ̀dù wa. Apá ọ̀tún wọn ti rọ, ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ wọn obìnrin gbé fúláàsì ògì dání. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá nọ́ọ̀sì, wọn ò tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀." Mo gba fúláàsì náà, mo gbé e sórí tábìlì tèmi.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, rọpárọsẹ̀ tó mú apá lè mú ọ̀fun. Oúnjẹ á wá ya sí ọ̀nà èémí, á bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n rọ epo pupa sí lẹ́nu nígbà tí mo ṣì wà níléèwé nọ́ọ̀sì. Kò wúkọ́ rárá. Ọjọ́ kẹta, òtútù àyà dé. Nítorí náà, ẹ tètè yẹ ọ̀fun wò kí ohunkóhun tó kan ẹnu. Ní Britain, láàárín wákàtí 4 tí aláìsàn bá dé ni wọ́n ní kí wọ́n ti ṣe é. (Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má dán an wò nílé o. Ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé wọn lọ.)

Ojú ni ẹ ó kọ́kọ́ fi wò wọ́n. Ṣé ojú wọn là dáadáa? Ṣé wọ́n lè jókòó? Ẹ ní kí wọ́n wúkọ́. Itọ́ wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbé e mì àbí ó ń dà sórí ìrọ̀rí? Bí èyíkéyìí ò bá dáa níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bu omi.

Gbogbo èyí dáa lára bàbá. Mo gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, mo fi ìrọ̀rí méjì ti ẹ̀gbẹ́ tó rọ, mo sì fọ ẹnu wọn, torí ìdọ̀tí ẹnu tó bá omi wọ ẹ̀dọ̀fóró burú ju omi náà lọ.

Ó wá kan omi: ẹ̀kún ṣíbí tíì kan. Ẹ fi ìka méjì lé gògóńgò wọn fẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá gbé omi mì, á fò sókè, á sì padà wálẹ̀. Lẹ́yìn ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí ohùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Ṣíbí kìíní lọ. Ṣíbí kejì náà lọ, kò sí ikọ́. Mo ní kí wọ́n dárúkọ ara wọn, àfi bíi pé inú omi ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Mo dáwọ́ dúró.

"Kò ṣáà pá wọn lórí," ọmọ wọn sọ.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ọ̀fun tí kò mọ nǹkan kan lára mọ́ kì í wúkọ́.

Ẹni tó bá gba ṣíbí mẹ́ta kọjá ni ẹ ó fún ní ife: 90 mílílítà, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún omi inú ọ̀rá piọ́ wọ́tà. Kí wọ́n mu ún tán láìdúró. Bí wọ́n bá wúkọ́, tí ohùn bá yí, tàbí tí wọ́n dúró láàárín, wọn ò yege. Ìdánwò ọ̀fun mìíràn tí wọ́n ń pè ní GUSS, tó jáde lọ́dún 2007 láti ilẹ̀ Austria, máa ń fi ohun tó ki ṣáájú omi, torí omi máa ń yára ju ọ̀fun tó rọ lọ.

Mo lẹ páálí mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì bàbá: KÒ GBỌDỌ̀ JẸ, KÒ GBỌDỌ̀ MU. Oògùn oníhóró wà lára rẹ̀, àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn. Dókítà ní kí a fa omi sí wọn lára. Lọ́jọ́ kejì, a ki rọ́bà gba imú wọn lọ sí ikùn, a sì ń tún ọ̀fun náà yẹ̀ wò lójoojúmọ́.

Ọjọ́ kẹjọ, ṣíbí mẹ́ta àti ife lọ geere. Mo ní kí ọmọ wọn gbé ògì wá, kó ki díẹ̀, kó máa fi ṣíbí kékeré fún wọn, kí wọ́n sì jókòó nàró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá gbé ṣíbí kìíní mì. Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ ká gbọ́."

Ohùn wọn mọ́ kedere. "Ṣúgà inú ẹ̀ ò tó."