Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè Amẹ́ríkà bí ẹni lọ wọkọ̀ ní garáàjì

Ọdọọdún ni, tí Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá, bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, fóònù mi ò ní sinmi. Èèyàn wa kan ní Maryland tàbí Philadelphia á pè, á ní òun fẹ́ lọ sí New York, òun ṣí áàpù Amtrak, iléeṣẹ́ rélùwéè tó ń kó èrò káàkiri Amẹ́ríkà, tíkẹ́ẹ̀tì tí òun rà ní nǹkan bíi dọ́là 40 lóṣù kẹsàn-án ti kọjá 150 báyìí, àbí wọ́n fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ ni? Ó máa ń dùn mí gan-an, torí owó oúnjẹ ọmọ lẹlòmíì máa ń kó lé e, bẹ́ẹ̀ ká ní ó mọ bí wọ́n ṣe ń ta ìjókòó yẹn ni, ì bá ti rà á tipẹ́.

Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù nìyẹn, kéèyàn máa dúró. Lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa, ọkọ̀ lọkọ̀ ń jẹ́, èèyàn á dé garáàjì, á sanwó, á wọlé, tí èrò bá pọ̀ wọ́n á sún mọ́ra díẹ̀ sí i. Tibí ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Boston sí New York sí Philadelphia sí Washington tí wọ́n ń pè ní Northeast Corridor, iye ìjókòó tí wọ́n kà sílẹ̀ ni wọ́n ń tà lórí ọkọ̀ Northeast Regional àti Acela, wọn kì í ta ìdúró, tó bá tán ó tán nìyẹn. Kóòṣì Amfleet, ìyẹn ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so pọ̀ tí ẹ máa ń wọ̀ lórí Regional, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti ọdún 1975, èèyàn bíi 72 ni ọ̀kan ń gbà. Lóòótọ́ wọ́n máa ń fi ọkọ̀ díẹ̀ kún un nígbà Thanksgiving, ṣùgbọ́n kóòṣì tí wọ́n ní lọ́wọ́ náà ò pọ̀, èyí tí kò sí nílẹ̀ wọn ò lè so ó mọ́ ọn.

Bí owó ṣe ń gòkè wá nìyí. Wọ́n á pín ìjókòó ọkọ̀ kan sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, ti owó pọ́ọ́kú ò pọ̀, tí àwọn èèyàn bá ti rà á tán wọ́n á bọ́ sórí èyí tó wọ́n díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn èyí tó tún wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí tó fi máa kan òkè. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè san dọ́là 35 kí ẹ̀yin san 140, kóòṣì kan náà, fèrèsé kan náà, ẹ sì jọ máa sọ̀ ní ibì kan náà ni. Torí náà tí ẹ bá ti gbọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ wo tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí pàápàá. Wednesday tó ṣáájú Thanksgiving àti Sunday tó tẹ̀lé e ló burú jù, ẹni tó bá lè lọ ní Monday tàbí Tuesday, tàbí kó wọ ọkọ̀ ìdájí, ó máa rí ìyàtọ̀.

Ẹ má sì torí pé ẹ fẹ́ lọ kí ẹ sì bọ̀ kí ẹ máa retí ẹ̀dínwó, wọn kì í fún yín, àlọ ní owó tiẹ̀, àbọ̀ ní owó tiẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé tí ẹ bá ra méjèèjì pọ̀ lórí ìwé kan, tí ẹ ò wá wọ ti àlọ, bóyá ẹnì kan ní kí ẹ jọ fi mọ́tò lọ, tí ẹ ò sì sọ fún wọn, wọ́n á fagi lé ti àbọ̀ náà. Ẹ wọ inú áàpù kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ yí i padà tàbí kí ẹ fagi lé e fúnra yín. Àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú lè gé díẹ̀ nínú owó yín, ṣùgbọ́n díẹ̀ sàn ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ti ọmọdé ńkọ́? Ọmọ ọdún 2 sí 12 tó bá àgbàlagbà lọ, ìdajì owó ni lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èyí tí kò tíì pé ọdún 2 tó jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá ẹ̀ kò sanwó, ẹni tó bá ti pé 65 náà ní ẹ̀dínwó tirẹ̀. Mo ti rí ìyá tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà fún ọmọ mẹ́ta torí pé kò tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń wọ Amtrak lójoojúmọ́ láàárín Washington àti Baltimore. Kí ló dé? Ọkọ̀ MARC, rélùwéè ìpínlẹ̀ Maryland, ń gba orí ojú irin kan náà gan-an, ó ń yà ní New Carrollton ní Prince George's County níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, owó rẹ̀ ò pọ̀, kì í sì í gòkè torí pé èrò pọ̀. Ẹni tó wà ní Philadelphia tí kò kánjú náà lè wọ SEPTA, rélùwéè agbègbè Philadelphia, dé Trenton, kó bọ́ sínú NJ Transit, ti ìpínlẹ̀ New Jersey, lọ sí New York, ó máa pẹ́ ju Amtrak lọ dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Amtrak bá ti di ọ̀wọ́n, ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Acela ní tiẹ̀ yára lóòótọ́, tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ń sá dé máìlì 160 ní wákàtí kan, ó sì ń gba èèyàn 386 nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ ń gba 304, àmọ́ business àti first class nìkan ló wà nínú ẹ̀, láti Washington sí New York ẹ lè fi bí ìdajì wákàtí ṣáájú ẹni tó wọ Regional. Kí ẹ bi ara yín bóyá ìdajì wákàtí yẹn tó owó tí ẹ máa kó lé e.

Àṣìṣe míì rèé o, àwọn ará wa tó ń gbé ní Houston àti Atlanta ló ń ṣe é jù. Wọ́n á wá kí wa lọ́nà Northeast Corridor níbí, wọ́n á rí bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n á wá rò pé gbogbo Amẹ́ríkà ló rí bẹ́ẹ̀. Rárá. Houston tó tóbi tó yẹn, tí àwọn tó ń gbé níbẹ̀ àti àyíká ẹ̀ ju mílíọ̀nù 7 lọ, rélùwéè Amtrak kan ṣoṣo ló ń yà níbẹ̀, Sunset Limited tó ń lọ láàárín New Orleans àti Los Angeles, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀. Houston sí Dallas tí mọ́tò ń lọ ní bíi wákàtí mẹ́rin, kò sí rélùwéè tààrà, ẹ máa kọ́kọ́ lọ sí San Antonio, ẹ máa débẹ̀ lóru, ẹ máa dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó wọ Texas Eagle, ọkọ̀ tó ń lọ sí Dallas. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ohun tí Amtrak máa gbé jáde fún yín jẹ́ bọ́ọ̀sì tí wọ́n so pọ̀ mọ́ rélùwéè, ẹ ka ojú ìwé yẹn dáadáa kí ẹ tó sanwó. Atlanta ní tiẹ̀, ọkọ̀ Amtrak tí wọ́n ń pè ní Crescent, tó ń lọ láàárín New York àti New Orleans, nìkan ló ní, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lọ́nà kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá pàdánù ẹ̀, ó dọ̀la.

Ìdí ẹ̀ ni pé nígbà tí Amtrak bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1971, àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè tó ń kó èrò tẹ́lẹ̀ ń pàdánù owó lórí iṣẹ́ yẹn, wọ́n bá kó èrò lé Amtrak lọ́wọ́, wọ́n sì di ojú irin tiwọn mú. Títí dòní, tí ẹ bá ti kúrò ní Northeast Corridor, ojú irin àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi rélùwéè kó ẹrù lẹ máa ń gùn jù, àwọn bíi CSX, Norfolk Southern, Union Pacific, BNSF. Òfin ní kí ọkọ̀ èrò máa ṣáájú ọkọ̀ ẹrù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù òde òní ti gùn débi pé ibi tó yẹ kó yà sí kí ẹlòmíì kọjá kì í gbà á nígbà míì. Ní oṣù keje ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ pe Norfolk Southern lẹ́jọ́, wọ́n ní ó ń dá Crescent yìí dúró.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra fláìtì Nàìjíríà tó máa gbéra lọ́jọ́ kan náà tí rélùwéè ọ̀nà jíjìn máa gbé yín dé. Ẹ sùn mọ́jú níbẹ̀. Tí ẹ bá sì máa sọ̀ lórí ọkọ̀ kan bọ́ sórí òmíì, orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti ra méjèèjì, torí tí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, Amtrak fúnra wọn ló máa wá bí ẹ ṣe máa débẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọrùn yín ló wà.

Oúnjẹ náà: ẹni tó gba yàrá ìsùn lórí ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ni owó oúnjẹ wà nínú owó tó san. Ẹni tó ra ìjókòó lásán, àfi kó rà á. Láti Chicago lọ sí Emeryville ní California, nǹkan bí wákàtí 52 ni. Ẹ gbé oúnjẹ yín dání, wọ́n gbà yín láyè láti jẹ ẹ́ lórí ìjókòó yín, àmọ́ wọn ò ní bá yín gbé e gbóná, torí náà ohun tó ṣeé jẹ ní tútù ni kí ẹ dì.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ Penn Station, orúkọ tí ìdíkọ̀ rélùwéè tó ju ẹyọ kan lọ ń jẹ́, mi ò sì lè fò ó. Lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo láti Maryland sí New York, ẹ máa gba Penn Station mẹ́ta kọjá: Baltimore, Newark, àti ti New York fúnra ẹ̀. Newark ló ṣáájú New York, orúkọ méjèèjì sì jọra tí wọ́n bá ń pariwo ẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé ní Lanham ní Maryland ń lọ sí òde kan ní Brooklyn, ó gbọ́ “Penn Station”, ó rí i tí èrò ń dìde, ó gbé báàgì gèlè àti bàtà ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀kùn pa dé tí ọkọ̀ ń lọ ló gbójú sókè rí i lára ògiri pé Newark ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì NJ Transit níbi ẹ̀rọ, bí ogún ìṣẹ́jú ló kù, ó ra á, ó sì débẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọlé ijó kó tó dé. Ní báyìí tó bá wọkọ̀, bí kọndọ́ bá ti ń bọ̀ wá wo tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń bi í pé ìdíkọ̀ mélòó ló kù kí òun tó kan New York, á fi ìka kà á, á sì jókòó títí yóò fi rí i tí ọkọ̀ wọ ihò abẹ́ odò Hudson.